Irin èjìká tí wọ́n ṣe fún ẹnì kan ṣoṣo: èwo ni wọ́n dán wò gan-an?

Ìbéèrè-Ò-Pin

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ni mo ń béèrè fún. Wọ́n ti pààrọ̀ oríkèé èjìká ọ̀tún wọn rí nítorí aromọléegun, ó sì dáa fún ọdún bíi mélòó kan. Ní báyìí, ike tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ihò èjìká ti tú, ó ń mì nínú egungun, apá kò sì gbé sókè mọ́. Àwòrán CT fi hàn pé egungun tó yẹ kó di ike náà mú ti jẹ lọ. Ti iwájú ló ṣẹ́kù díẹ̀, ti ẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Dókítà ní irin tó wà lórí igbá kò ní bá a mu. Ó ní ilé iṣẹ́ kan yóò fi àwòrán CT yẹn tẹ irin titanium jáde fún Bàbá nìkan. Mo bi í bóyá wọ́n ti dán irin náà wò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti yege. Ìdáhùn yẹn ni kò yé mi. Bí irin bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo láyé, èwo ni wọ́n dán wò? Bí wọ́n bá lù ú títí ó fi fọ́, kí ni wọ́n máa wá fi sí èjìká Bàbá? Bí wọn kò bá sì lù ú, kí ló yege?

Oníláàbù

Ẹ kú àbójútó Bàbá. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Irin Bàbá gan-an kò ní dé orí ẹ̀rọ ìdánwò. Wọ́n á wọn gbogbo igun rẹ̀, wọ́n á yẹ inú rẹ̀ wò bóyá àlàfo wà níbi tí wọ́n ti fi iná lésà yọ́ lẹ́búlẹ́bú titanium pọ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀. Ó parí. Èyí tí a ń lù títí á fi fọ́ jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, èyí tó burú jù nínú ìdílé náà. Ilé iṣẹ́ máa ń fa ààlà kí wọ́n tó gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni: awo irin tí wọ́n ń dè mọ́ ojú ihò èjìká kò ní tinrín ju báyìí lọ, skúrù kò ní dín sí iye báyìí, bọ́ọ̀lù tó jókòó lórí awo náà kò ní jìnnà sí egungun ju báyìí lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣe ẹyọ kan tó wà ní igun tó le jù nínú ààlà yẹn: awo tó tinrín jù, skúrù tó kéré jù, bọ́ọ̀lù tó yọ síta jù. Bí ìyẹn bá gbà á, wọ́n gbà pé gbogbo èyí tó rọrùn jù ú lọ náà á gbà á.

Nítorí náà, tí dókítà bá ní ó ti yege, ohun tó ń sọ ni pé ìdílé rẹ̀ ti yege. Ìbéèrè tó kù ni bóyá irin Bàbá wà nínú ààlà ìdílé yẹn lóòótọ́.

Ìdánwò tí gbogbo ayé ń lò fún ìhà ihò èjìká wà nínú ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní ASTM F2028. Fún èjìká reverse, ìyẹn èyí tí wọ́n yí ipò padà nínú rẹ̀ tí bọ́ọ̀lù fi wà lára ihò dípò orí egungun apá, tó sì dá mi lójú pé òun ni wọ́n fẹ́ ṣe fún Bàbá, a máa ń fi skúrù de awo irin mọ́ búlọ́ọ̀kù fóòmù líle tó dúró fún egungun. A á kọ́kọ́ wọn bí awo náà ṣe ń mì tó. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á fi 750 newton tẹ̀ ẹ́, ìyẹn bí ìwọ̀n ènìyàn kílò 76, á sì máa yí i síwá sẹ́yìn nígbà 10,000. A á tún wọn mímì rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ìdájọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́-Irin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ti rí 100,000 níbì kan fún ìdánwò èjìká, ẹ wá ń sọ 10,000. Èwo ló tọ̀nà?

Oníláàbù

Àwọn méjèèjì tọ̀nà, àbúrò, iṣẹ́ wọn ló yàtọ̀. 100,000 jẹ́ ti èjìká onírú àdámọ́, èyí tí ojú ihò rẹ̀ jẹ́ ike tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀. Irú èyí tí Bàbá Ìbéèrè-Ò-Pin ní tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Orí egungun apá máa ń yọ̀ lọ sókè sódò lórí ike, á tẹ etí kan, etí kejì á fẹ́ gbéra. Ẹṣin onígi tí ọmọdé ń gùn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí ènìyàn bá ṣe iṣẹ́ tó wúwo fún èjìká nígbà 25 lójúmọ́ fún ọdún 10, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 100,000.

Ti reverse kì í lo sìmẹ́ǹtì níhà ihò. Ara awo rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ tí egungun máa hù wọ̀. Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń bà wá lẹ́rù, kí egungun tó hù wọ̀ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé skúrù nìkan ló di awo mú. 10,000 ti tó fún sáà yẹn. Ohun tí a ń ṣọ́ ni mímì kékeré: bí awo bá ń mì ju nǹkan bíi maikirọmítà 150 lọ, ìyẹn 0.15 mìlímítà, egungun kì í hù wọ inú irin. Ẹran rírọ̀ ló máa ń hù sáàárín wọn dípò, awo á sì wà bẹ́ẹ̀ títí yóò fi tú.

Ẹlẹ́jọ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́ da omi tútù sí i díẹ̀. Búlọ́ọ̀kù fóòmù! Odidi, ojú rẹ̀ dọ́gba, ó rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣé irú egungun tí bàbá yìí ní nìyẹn? Ẹ̀yìn ihò rẹ̀ ti tán. Fóòmù kì í ṣẹ̀jẹ̀, kì í gbó, kì í kó àrùn, kì í gbàgbé pé dókítà ní kó má gbé nǹkan.

Ká tún wo ìtàn. Nígbà kan, wọ́n fi irin sẹ́yìn ike ojú ihò nínú èjìká onírú àdámọ́, gbogbo ènìyàn sì rò pé ìdáhùn dé. Nígbà tí iye àwọn tó ń padà wá fún àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ sí hàn nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè, púpọ̀ nínú wọn ló burú ju ike lásán lọ. Àwọn irin yẹn náà gba ọwọ́ ẹ̀rọ ìdánwò kọjá. Èmi kì í gba "ó ti yege" gbọ́ títí n óò fi rí i nínú ara ènìyàn, lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Bí Ọsirélíà ti ń ṣe nìyẹn, wọ́n ń ka gbogbo oríkèé tí wọ́n bá pààrọ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ti Íńgílándì àti Wales náà ti ń ka èjìká láti 2012.

Oníláàbù

Ẹlẹ́jọ́, ẹ ní ẹjọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kó èyí tó tọ́ pọ̀ mọ́ èyí tí kò tọ́.

Fóòmù kì í ṣe ẹ̀tàn. Ìlànà wà fún òun fúnra rẹ̀, ASTM F1839, tó sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ wúwo tó kó lè jẹ́ pé èsì láàbù kan á ṣeé fi wé ti òmíràn. Egungun òkú yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Bí awo A bá dúró nínú egungun ọ̀dọ́mọkùnrin, tí awo B sì tú nínú egungun ìyá arúgbó, kí lẹ mọ̀ nípa awo? Ẹ ò mọ nǹkan kan. Ìdí tí a fi ń lo fóòmù nìyẹn: ká lè fi irin wé irin. Kò sọ fún wa pé irin á pẹ́ fún ọdún báyìí lára ẹnikẹ́ni, a kì í sì í purọ́ pé ó ń sọ ọ́. Ó ń sọ èyí tí kò yẹ ká gbé dé ọ̀dọ̀ aláìsàn rárá.

Ibi tí mo gbà fún yín ni ti odidi búlọ́ọ̀kù. Fún iṣẹ́ abẹ àtúnṣe, búlọ́ọ̀kù odidi kò tó. Láàbù tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń gé fóòmù náà kó rí bí egungun tó jẹ: á gé ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, tàbí kó gbẹ́ àárín rẹ̀ kó kù ní etí nìkan, kó tó de awo mọ́ ọn. Nígbà yẹn ni ẹ máa rí nǹkan. Awo tó dúró bí òkè lórí odidi á máa gbọ̀n bí wọ́n bá mú ìdámẹ́ta ibi tó fara tì kúrò. Mo sì ti rí èyí tí kò gbọ̀n, nítorí pé skúrù rẹ̀ méjì gbà kọjá ibi tí egungun jẹ dé, wọ́n wọ ibi tó ṣì nípọn.

Ìbéèrè-Ò-Pin, ẹ kọ èyí sílẹ̀: ṣé wọ́n gé fóòmù nígbà ìdánwò, ṣé ibi tí wọ́n gé sì fẹ̀ tó ti Bàbá?

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń ta irin kì í fẹ́ sọ. Nígbà tí egungun bá ti jẹ wọlé, irin tí wọ́n tẹ̀ fún ẹni náà ní láti nípọn kó lè kún àlàfo náà kó sì gbé bọ́ọ̀lù padà sí ipò rẹ̀. Bọ́ọ̀lù á wá jìnnà sí egungun tó di irin mú. Agbára tó ń ti bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ á di ọ̀pá gígùn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fà á tu. Bí 400 newton bá ti bọ́ọ̀lù tí àárín rẹ̀ jìnnà sí egungun ní mìlímítà 10, agbára tó fẹ́ yí awo kúrò jẹ́ 4 newton-mítà. Ẹ sọ 10 yẹn di 20, ó di 8. Aláìsàn kan náà, apá kan náà, ṣùgbọ́n skúrù ń jẹ ìyà ìlọ́po méjì. Nítorí náà iye mìlímítà yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wá nínú ìwé ìdánwò.

Abẹ-Egungun

Iṣẹ́ abẹ èjìká ni mo ń ṣe, mo sì ń gbádùn ọ̀rọ̀ àwọn onírin yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kòkòrò kí ìrìn náà má bàa ya kúrò lọ́nà.

Èjìká tó tú lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ má tètè sọ pé gbígbó ló gbó. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Cutibacterium acnes. Inú ihò irun lára awọ èjìká ló ń gbé. Kì í fa ibà, kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ wú, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè mọ́ tónítóní, síbẹ̀ kó máa jẹ ẹsẹ̀ irin nílẹ̀. Ó lọ́ra láti hù. Láàbù tó bá da àpẹẹrẹ nù lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún lè sọ pé kò sí nǹkan. Àwa máa ń mú àpẹẹrẹ ẹran bíi 5 láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a sì ń ní kí wọ́n tọ́jú wọn fún ọjọ́ 14. Kò sí ìdánwò irin tó lè gba irin sílẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò tó ti wà nílẹ̀ kó tó dé.

Ohun tí ó mú mi sọ èyí ni pé ó kan àwòrán CT tí wọ́n fẹ́ fi ṣe irin Bàbá. Irin tó wà nínú èjìká báyìí ń ba àwòrán jẹ́, ó ń ta ìmọ́lẹ̀ bo egungun. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí a bá ń yọ ike àti sìmẹ́ǹtì àtijọ́, egungun díẹ̀ máa ń bá a lọ. Irin tí wọ́n gbẹ́ bá egungun tó wà nínú àwòrán lè dé orí tábìlì kó má jókòó dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é fi máa ń fi àwòkọ egungun oníke àti irin àfidánwò ránṣẹ́, ká lè wò ó kí a tó ṣí irin gangan. Nígbà tí a bá fura sí kòkòrò, ó lè di iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀mejì: a yọ ti àtijọ́, a fi sìmẹ́ǹtì tí oògùn wà nínú rẹ̀ dí àlàfo, a pa kòkòrò, lẹ́yìn náà a wá fi tuntun sí i. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà yẹn ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya CT tuntun lẹ́yìn ìkíní. Ihò ti ṣí, egungun tó kù ti hàn, kò sí ohun tó máa yà wá lẹ́nu mọ́.

Nípa ti reverse, Oníláàbù ti fojú inú wò ó dáadáa. Nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù máa ń wà lára ihò, ife sì máa ń wà lórí egungun apá. Paul Grammont ní Faransé ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní 1985. Ó gbé àárín ìyípo wọlé, ó sì fa apá sísàlẹ̀, kí iṣan ńlá tó bo èjìká, deltoid, lè gbé apá láìsí àwọn iṣan mẹ́rin kékeré tó ti já. Fún ẹni tí ike rẹ̀ tú tí iṣan rẹ̀ sì já, kò sí ọ̀nà púpọ̀ mìíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́-Irin

Dókítà, ọ̀rọ̀ kòkòrò yín mú mi rántí Péan ní Paris ní 1893. Ó fi platinum àti rọ́bà ṣe èjìká fún ọkùnrin kan tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ba oríkèé rẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe pé irin náà ṣẹ́. Àkóràn ló jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì.

Abẹ-Egungun

Ó ti pẹ́ tó ti ń dà wá láàmú.

Onífisiọ̀

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan lórí 750 newton yẹn, torí àwọn ènìyàn máa ń rò pé wọ́n bù ú pọ̀ jù. Wọ́n ní apá kì í ru ara bí ẹsẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ gùn, iṣan sì sún mọ́ oríkèé pẹ́kípẹ́kí. Iṣan ní láti fà gidigidi kó tó lè gbé ọwọ́ lásán, oríkèé ló sì ń gba gbogbo fífà yẹn sára. Ní Charité ní Berlin, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré sínú irin èjìká àwọn aláìsàn kan, tó ń ránṣẹ́ láìsí wáyà, wọ́n sì wọn agbára náà nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ó ń sún mọ́ ìwọ̀n ara ènìyàn, nígbà mìíràn ó ń kọjá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè wo àwọn èsì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, OrthoLoad ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n wọ̀n kì í ṣe oní-reverse o, orí egungun apá nìkan ni wọ́n pààrọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé 750 kì í ṣe àsọdùn.

Ìbéèrè-Ò-Pin, ẹ bá mi wo Bàbá nígbà tí wọ́n bá ń dìde lórí àga. Bí wọ́n bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún ti àga, ìgbọ̀nwọ́ sẹ́yìn, ẹ kọ́ wọn láti fi í sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ipò yẹn lè mú kí èjìká reverse yẹ̀, ìdánwò tí ẹ ń sọ yìí kò sì kàn án rárá.

Ìbéèrè-Ò-Pin

Ẹ ṣeun gidigidi. Ìbéèrè kan: ta ló ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú irin báyìí? Ṣé àmì CE, èyí tó ń fi hàn pé nǹkan bá òfin Yúróòpù mu, wà lára rẹ̀?

Ẹlẹ́jọ́

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀. Nínú òfin Yúróòpù, 2017/745, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní May 26, 2021, irin tí wọ́n ṣe fún ẹnì kan pàtó lórí ìwé àṣẹ dókítà kì í gba àmì CE. Ilé iṣẹ́ ló ń kọ ìwé ẹ̀rí fúnra rẹ̀ pé ẹni báyìí ni wọ́n ṣe é fún, dókítà báyìí ló ní kí wọ́n ṣe é, ó sì bá àwọn ohun tí òfin béèrè mu. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi ààlà sí i: ilé iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe ju 5 lọ lọ́dún nínú irú kan lábẹ́ àyè yẹn.

Oníláàbù

Ó kù díẹ̀ nínú rẹ̀. Oríkèé wà ní ìpele tó le jù nínú òfin Yúróòpù yẹn, ìpele III. Ti ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ fi sínú ara, àjọ àyẹ̀wò láti ìta gbọ́dọ̀ wo bí ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣètò iṣẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní àmì. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí tiwọn kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo rárá: wọ́n ti gba àṣẹ fún odidi ìdílé pẹ̀lú ààlà rẹ̀, wọ́n kàn ń gé e bá ara aláìsàn kọ̀ọ̀kan mu. Ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀ síra, ẹ bi wọ́n èwo ni tiwọn.

Ìbéèrè-Ò-Pin

Mo ti padà dé. A ti rí dókítà, a sì kó gbogbo ìbéèrè yín síwájú rẹ̀. Kò bínú, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gbà láti ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mejì: á yọ ike àtijọ́, á kó àpẹẹrẹ, á dúró de ọjọ́ 14, lẹ́yìn náà CT tuntun kí wọ́n tó tẹ irin. Ọ̀pá tó wà nínú egungun apá, ó ní irú èyí tó ṣeé yí padà sí reverse ni, nítorí náà bí kòkòrò kò bá sí, ó lè má yọ ọ́.

Ilé iṣẹ́ fi ìwé ìdánwò ránṣẹ́. Ti ìdílé ni, kì í ṣe ti ẹyọ kan. Wọ́n gé fóòmù lóòótọ́, ìdajì ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ṣe ìdánwò wà ní mìlímítà 16 sí egungun, ti Bàbá nínú àwòrán àkọ́kọ́ sì jẹ́ 21. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní ó sún mọ́ ọn. Ṣé kí n ní kí wọ́n gé e kúrú?

Oníláàbù

Mìlímítà 5 lórí 16 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Kò sún mọ́ ọn. Ti Bàbá wà níta ààlà tí ìwé yẹn lè jẹ́rìí sí. Wọ́n ní láti ṣe ìdánwò tuntun ní 21, tàbí kí wọ́n fi ìṣirò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti fi wé ìdánwò gidi hàn pé mímì rẹ̀ kò kọjá 0.15 mìlímítà. Kí ẹ sì béèrè ibi tí skúrù ń lọ.

Abẹ-Egungun

Ẹ má ní kí wọ́n kàn gé e kúrú o. Bọ́ọ̀lù tó bá wọlé jù, deltoid á dẹ̀, èjìká á máa yẹ̀, etí ife oníke á sì máa gbo ìsàlẹ̀ egungun pẹ́pẹ́ títí á fi jẹ ẹ́. Ẹ fi 21 sílẹ̀ bó bá jẹ́ ipò tó yẹ bọ́ọ̀lù nìyẹn, kí ẹ fi kún ohun tó dì í mú. Lára egungun pẹ́pẹ́, ibi mẹ́ta ló sábà máa ń nípọn kódà nígbà tí ihò bá ti jẹ: ìdí coracoid, ìyẹn egungun bí ìkọ́ tó yọ síwájú, ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn egungun pẹ́pẹ́ náà, àti òpó ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀. Kí skúrù gígùn kan ó kéré tán wọ méjì nínú wọn.

Ìbéèrè-Ò-Pin

Ó yé mi. Ìwé ìdánwò ti 21 ni màá béèrè, pẹ̀lú àwòrán ọ̀nà tí skúrù gbà. Àpẹẹrẹ ẹran ṣì wà ní láàbù, wọn kò tíì tẹ irin kankan.